Irin Tó Yọ́ Máa Ń Mí

Nínú mọ́tò láti Ìlaró sí Àgọ́sásà, ọkùnrin méjì tó ń yọ́ irin jókòó níwájú mi, wíìlì tuntun fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wà lẹ́sẹ̀ wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe ń dán,” ni àbúrò wí.

“Ṣé o ṣí ìdérí ìkòkò nígbà tí irin àti níkẹ́ẹ̀lì ń yọ́?”

“Mo kàn yọjú wò ó ni.”

“Irin tó yọ́ máa ń mí. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ló ń fà sínú. Bó bá ń dì, ohun tó fà sínú á wá ọ̀nà jáde, inú rẹ̀ á di ihò.”

“Màmá tó ni ẹ̀rọ ti bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ dè wá.”

“Bó bá fọ́ níbi tó ti ń yí, ta ló máa dúró tì í?”

Ẹ̀gbọ́n gbé wíìlì náà lé itan.

“Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró. À ń padà.”