Ìbúra Tí Mo Ṣe Lórí Ọjọ́ Orí Kọ́là

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀wọ̀n ni mo wà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni adájọ́ dá fún mi, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibí ni wọn yóò ti gbé òkú mi jáde. Mi ò torí ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà.

Agbẹ̀bí ni mí ní Ahoyéyé, ìlú kékeré kan nítòsí Pobè. Ọmọ tí a bí sílé kì í tètè ní ìwé ìbí. Bó bá di dandan, èmi tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ ni mo máa ń lọ búra nílé ẹjọ́ pé ọdún báyìí la bí i.

Ọkùnrin kan tó ń kó ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun wá bá mi. Manajà là ń pè é. Ó ní kí n dín ọdún mẹ́ta nínú ọjọ́ orí ọmọ ọmọ mi tó ti pé méjìlélógún, kó lè wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Òrùlé mi ń jò nígbà náà. Mo búra, ó kan páànù tuntun fún mi. Mo ní ọjọ́ orí kì í ṣe ẹran, bí a gé e, kì í ṣẹ̀jẹ̀.

Ó tún padà wá nítorí Kọ́là, ọmọ aládùúgbò mi kan tí èmi náà gbẹ̀bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí bọ́ọ̀lù máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ bí èèmọ́.

"Màmá, ti eléyìí, kíkún la ó kún un."

"Ẹ̀ẹ́n? Níjọ́sí, ẹ ní kí n dín. Lónìí, ẹ ní kí n kún. Ṣé gàrí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òfin bọ́ọ̀lù ò gbà kí ọmọ tí kò pé méjìdínlógún lọ gbá a nílẹ̀ òkèèrè. Ìyá rẹ̀ sì kọ̀. Tó bá ti pé méjìdínlógún, ta ló ń bi ìyá léèrè?"

Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kọ̀. Ó ti sọ fún mi létí kànga pé, "Ìyá àgbà, ọmọ tí kò tíì lè fọ ṣòkòtò ara rẹ̀, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́hùn-ún?" Ṣùgbọ́n Manajà ṣèlérí pé òun yóò mú ọmọ ọmọ mi, tí kò tíì rí ibi kankan lọ, kún un. Mo lọ búra pé ọdún tí òjò gbé afárá lọ ni mo gbẹ̀bí Kọ́là. Irọ́ ni; ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà la bí i.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ẹgbẹ́ náà rí i pé ọmọdé ni, wọ́n kọ̀ ọ́. Manajà sá lọ. Ibà mú Kọ́là nínú yàrá tí wọ́n kó òun àti àwọn ọmọ yòókù sí, ó sì kú. Ọmọ ọmọ mi kò tilẹ̀ bá wọn lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ilé ẹjọ́ nítorí ìbúra èké náà, ìyá Kọ́là kò bú mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, ọwọ́ yín lẹ fi gbà á nígbà tí mo bí i. Ẹ̀yin mọ̀."



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Pobè àti Sakété, ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ yí ọjọ́ orí yín padà, ẹ sá fún un, àní kó jẹ́ ìyá yín àgbà. Ẹ jẹ́ kí ọdún yín pé. Bọ́ọ̀lù yóò dúró dè yín. Bí kò bá tilẹ̀ dúró, ìyá yín yóò ṣì máa rí yín.