Ewé Tí Mo Ṣí Lórí Kòkó Mojíre

Ọ̀gá Àtàndá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi tí ẹ wá kí mi ní ọsibítù, ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ti sọ òótọ́ fún mi, èmi náà fẹ́ sọ òótọ́ fún yín kí ẹnu mi tó pa dé. Mojíre, ọ̀rẹ́ mi tó ń tọ́jú mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé omi gbígbóná wá. Bí ó bá bá mi lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹ má dá mi dúró.

Ipò tí ẹ bá mi ní iléeṣẹ́ kòkó wa, ọ̀gá àwọn tó ń yẹ kòkó wò, Mojíre ló ni ín. A jọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì níbí ní Ifẹ̀, a jọ wá iṣẹ́ títí bàtà wa fi jẹ. Orí rẹ̀ pé jù tèmi lọ. Mo mọ̀, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn. Bí olùkọ́ bá yìn ín, mo máa ń jowú. Ẹ̀rín ni mo sì máa ń rín sí i!

Nígbà tí ààyè iṣẹ́ kan ṣoṣo yọ, Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò wo sátífíkéètì. Ẹ fọ́ kòkó, ẹ pín in fún wa, ẹ ní ká fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè gbóná, kó sì kan dáadáa, ká tó sá a. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ló máa wọṣẹ́. Ìyá Mojíre ń ṣàìsàn ní Modákẹ́kẹ́ nígbà náà, ọ̀sán ló máa ń gun ọ̀kadà lọ fún un lóúnjẹ. Ó ní, "Hàjàrá, jọ̀ọ́, bá mi mójú tó kòkó mi o. Tí afẹ́fẹ́ bá gbé ewé, bá mi bò ó padà."

Mo ní kó bá mi kí Màmá. Bó ṣe lọ, mo ki ọwọ́ bọ àárín kòkó rẹ̀: ó gbóná bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Tèmi kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Owú gbé mi wọ̀. Mo ṣí gbogbo ewé náà, mo tẹ́ kòkó rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, mo wọ́n omi kànga sí i. Nígbà tí mo gbúròó ọ̀kadà, mo kó o jọ, mo dá ewé padà. Lọ́jọ́ kejì, mo tún ṣe é. Ọ̀dájú ni mí.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ fi ọ̀bẹ la hóró kòkó wa. Tèmi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tirẹ̀ ò kan rárá. Ẹ ní, "Mojíre, ìwé lásán lo kà." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sà, mo bò ó dáadáa. Hàjàrá, ṣebí ìwọ lò ń bá mi wò ó, kí lo rí?" Èyí tó burú jù nìyí: mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Mo rí i pé ò ń ṣí i wò jù." Ó sì gbà mí gbọ́. Ó ń bẹ̀ yín pé àṣìṣe òun ni.

Gàrí ló ń yan láti ìgbà náà, èéfín ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá yin gàrí ọ̀hún, mo tún ń jowú! Òun náà ló ń tọ́jú mi báyìí. Lánàá, ó fi aṣọ bò mí, ó ní, "Jẹ́ kí n bò ẹ́ dáadáa, kí òtútù má wọlé sí ẹ lára." Mo sunkún, ó rò pé ara ló ń ro mí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ò pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ yín bá fi tirẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ bá a bò ó. Ọ̀gá, ẹ gba ipò yìí lọ́wọ́ mi, kí ẹ fún ẹni tó ni ín.

Ilẹ̀kùn ń dún. Òun nìyẹn. Mojíre, gbé omi náà sílẹ̀, kó o jókòó. Jọ̀ọ́, má tíì bò mí.