Orúkọ Kẹwàá Nínú Ìwé Àwọn Tó Yege

Alága, ẹ̀yin aṣòfin, irọ́ kan wà tí mo pa nínú yàrá yìí lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn. Mo wá láti pọ̀ ọ́ jáde. Ẹ kéde nínú ìwé ìròyìn pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun kan nípa àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè yìí lókè òkun, kó wá sọ ọ́. Èmi mọ ohun kan nípa obìnrin tó jókòó sẹ́yìn mi yìí. Ọmọ mi ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi tilẹ̀ fi ọdún méjì lé e, nítorí ògbóǹtarìgì ni mí. Kíndìnrín mi méjèèjì ti kú. Ẹ̀rọ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, dókítà sì ti sọ fún mi pé òun ò ní í purọ́ fún mi, pé ó kù díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ò fẹ́ purọ́ fún! Nítorí náà, ẹ má lu agogo yín láti dá mi dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Nígbà náà, èmi ni ọ̀gá ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Àjà kẹta ni yàrá mi wà, fèrèsé mi sì kọjú sí ibi tí àwọn èèyàn ńlá ń gbé mọ́tò sí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń mọ ìgbà tó yẹ kí n so táì mi dáadáa. Mínísítà ìgbà náà, Kò-Sí-Wàhálà là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sí ohun tí o lè bá a sọ tí kò ní í fi gbólóhùn yẹn dá ọ lóhùn. Òṣìṣẹ́ wa kò gba owó oṣù fún oṣù mẹ́ta nílẹ̀ onílẹ̀: kò sí wàhálà. Òrùlé ẹ́ḿbásì kan já lulẹ̀: kò sí wàhálà. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí lẹ́tà ìkíni kan nígbà kan rí sí ààrẹ orílẹ̀-èdè kan, orúkọ odò ló sì kọ dípò orúkọ ààrẹ náà. Èmi ni mo tún un kọ, tí mo sì tún yìn ín pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn. Ẹ má wulẹ̀ fi òun nìkan rẹ́rìn-ín. Òmùgọ̀ ni òun. Èmi mọ̀wé, mo sì ń bá òmùgọ̀ bọ́ bàtà.

Lọ́dún yẹn, a ṣe ìdánwò fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló jókòó, mẹ́wàá péré là ń wá. Obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá fáìlì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Fáìlì, ló tẹ máàkì wọn sínú ìwé kan ṣoṣo, àwọn olùdánwò mẹ́ta sì fọwọ́ sí i. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, Kò-Sí-Wàhálà ránṣẹ́ pè mí. Ó ti bébà kan sí mi lórí tábìlì. Orúkọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀: àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọmọ alága ìgbìmọ̀ yín ti ìgbà náà, obìnrin kan tó máa ń bá ìyàwó rẹ̀ yan bàtà, àti àwọn irú wọn. Ìlà kẹwàá ṣófo. Ó ní, "Àwọn tó yege nìyẹn. Ọmọ tìẹ ńkọ́? Ṣé kò jókòó ni?" Mo ní, "Ó jókòó, sà. Kò yege." Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó ní ebi ò pa òun. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò sí wàhálà." Ó na bírò rẹ̀ sí mi. Máàkì mẹ́tàlélógójì lọmọ mi gbà. Ọmọ káfíńtà kan ló ṣe ipò kìn-ín-ní, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ló gbà. Mo gba bírò náà, mo kọ orúkọ ọmọ mi. Kódà mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kó lè dúró dáadáa.

Ọmọ káfíńtà yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń wá sí ojú wíńdò wa nísàlẹ̀, bàtà kan náà, àpò ọ̀rá kan náà tó fi ń gbé ìwé rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi tún un wò." Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí fáìlì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, màá fi ìka tọ ọ́ látòkè délẹ̀, màá mi orí. "Orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀, ọmọ mi. Tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀." Ọmọ mi ni mo ń pè é o! Lọ́sẹ̀ kẹfà, kò wá mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. N kò mọ̀ pé ó ti kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní ẹnì kan ní yàrá àwọn olùdánwò ti sọ fún òun pé òun ló ṣe ipò kìn-ín-ní, kí ẹ bá òun béèrè ibi tí máàkì òun wọlé sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìwádìí tó jẹ́ fún yín, torí àwọn kan nínú yín ṣì kéré nígbà náà. Ìgbìmọ̀ ní àwọn yóò wo bí a ṣe ń gba èèyàn síṣẹ́ àti bí a ṣe ń náwó. Alága wọn sọ̀rọ̀ níwájú àwọn oníròyìn títí òógùn fi bò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn ò lè mọ bí àwọn ẹ́ḿbásì ṣe ń náwó bí àwọn kò bá fojú ara àwọn rí i. Èèyàn mẹ́tàlá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ fojú rí i, ìlú méje, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ wádìí ló san owó ọkọ̀ wọn. Èmi ni mo yan hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí wọ́n dé, ìròyìn wọn jẹ́ ojú ìwé mẹ́ta, odindi ojú ìwé kan sì dá lórí aṣọ fèrèsé, pé ó bójú mu. Mo bá wọn ka àṣìṣe inú rẹ̀ kúrò. Ajá tí wọ́n ní kó wá ṣọ́ ìdí ìkòkò ni gbogbo wa, a sì ń bi ara wa pé ta ló jẹ ọbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ ni kò bá wọn lọ. Tíṣà ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe kó tó dé ilé ìgbìmọ̀. Ó kọ̀wé sí wa, ìlà kan péré: ẹ mú ojúlówó ìwé máàkì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí wàhálà wà lójú Kò-Sí-Wàhálà. Ó ti ilẹ̀kùn. "Níbo ni ìwé yẹn wà?" Mo ní ó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù irin Ìyá Fáìlì. "Ṣé kò lè sọnù ni?" Ó tún ní, "Ọmọ rẹ ti ń palẹ̀ mọ́ láti rìnrìn àjò, àbí?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbùkù wo ló tún kù kó fi kàn mí? Ó mọ̀ pé mo ti gbọ́.

Ìyá Fáìlì kò mọ nǹkan kan nípa tèmi. Ó tilẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Bùrọ̀dá, akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ wa ní kí n gbé ìwé máàkì wá fóun. Mo ní rárá o. Ìwé yẹn kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tiwọn. Tó bá kúrò lọ́wọ́ mi, ilé ìgbìmọ̀ ló ń lọ." Mo ní, "O ṣeun gan-an ni. Irú rẹ la nílò." Mo yìn ín! Lọ́jọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n pè é láti ọsibítù. Ọkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti bí oṣù méjì, apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Ó sáré wọ yàrá mi, ìborùn rẹ̀ ń já bọ́. "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́. Ẹ̀yin nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ láti gbé e fún." Mo ní kó máa lọ, kó má ṣèyọnu, màá máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Kò tíì dé ẹnu géètì tí mo ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mú ìwé náà wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo dà á sínú ìhò, mo fa omi. Omi ti í lọ, ó tún léfòó padà. Ìgbà mẹ́rin ni mo fa omi, tí mo kúnlẹ̀ tí mo ń fi igi ìgbálẹ̀ tì í, èmi ọ̀gá ẹ̀ka, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, mo dáhùn pé inú ló ń run mí.

Ká ní mo dúró síbẹ̀, olè lásán ni n bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìwádìí dé, nínú yàrá yìí gan-an. Tíṣà bi mí pé, "Ìwé máàkì dà?" Mo ní ó sọnù. Ó ní, "Ṣé oúnjẹ ni, tẹ́nì kan fi jẹ ẹ́? Ọwọ́ ta ló wà?" Mo ti búra. Mo ní Ìyá Fáìlì ni. Mo ní a ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé ó ń ta máàkì fún àwọn tó jókòó ìdánwò, pé òun ló gbé ìwé náà pamọ́ kí àṣírí rẹ̀ má baà tú. Tíṣà ní, "Kí ló máa fi owó náà ṣe?" Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí. Èmi fúnra mi ni mo ronú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, sà. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń san ní ọsibítù." Obìnrin náà dìde ní ìlà kejì. Kò pariwo. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ wojú mi kí ẹ tún un sọ." Mo yíjú sí i. Mo wò ó. Mo tún un sọ, mo sì fi kún un pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Wọ́n lé e láìfún un ní pẹ́ńṣàn. Wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ kúrò ní ọsibítù wá sílé, oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ló kú. Alága yín ti ìgbà náà tẹ̀ síwájú, Kò-Sí-Wàhálà di sẹ́nétọ̀, wọ́n gbé èmi náà ga. Àbúrò ìyàwó mínísítà dé ẹ́ḿbásì tí wọ́n rán an lọ, ó ta àga ibẹ̀. Ọmọ tèmi mọṣẹ́ ní tirẹ̀, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun ẹṣin tí wọ́n jí gbé, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gùn tó, ẹṣin náà ní ẹni tó ni ín.

Nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ tán lóṣù tó kọjá, mo wá Ìyá Fáìlì lọ. Ó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ẹ̀rọ méjì, àga kan. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀ ń dínà fún oníbàárà." Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ó ń to bébà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Gbàgede lẹ ti bọ́ṣọ lára mi, ẹ wá ń wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ẹ máa ti fi aṣọ bò mí. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti sọ ọ́." Ìyẹn nìkan ni. Ó gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó fún un ní ṣéńjì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo sọ fún ọmọ mi. Ó ń ka ìwé tó fẹ́ fi dá yín lóhùn lónìí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Dádì, ṣé mo yege àbí mi ò yege?" Mo ní kò yege. Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn pé nítorí mi lẹ ṣe ṣe é. Mi ò bẹ̀ yín." Òótọ́ ló sọ. Nítorí ara mi ni. Mo fẹ́ jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi kí n máa wí pé, "Ọmọ mi tó wà lókè òkun."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tó tò sẹ́yìn pẹ̀lú fáìlì lápá, tí ẹ ń kọ ohun tí mò ń sọ sílẹ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé wọ́n máa fi ìbọn tì yín. Wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí yín ni. Ọ̀gá yín máa béèrè àlàáfíà ọmọ yín, ẹ máa rò pé ìfẹ́ ni. N kò rí èèyàn burúkú kan tó fipá mú mi ní gbogbo ọ̀nà tí mo rìn.

Alága, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ káfíńtà, níbikíbi tó bá wà, àti lọ́wọ́ ọmọ tèmi tó ti dìde tó ń jáde lọ yìí. Ẹ má pè é padà. Ní ti Ìyá Fáìlì, ó ti sọ fún mi pé ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló ń fẹ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ilé ìgbìmọ̀ yìí pé olè ni. Akọ̀wé, mo rí i pé o ti gbé bírò sílẹ̀. Gbé e. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin náà kò jalè, pé èmi ni. Kà á sókè kí n gbọ́. N óò dúró.