Ilé Oko Tí A Kàn Lọ Wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ bu omi fún mi, omi kọ́ ló gbé mi wá, mo mu omi kúrò nílé. Àbúrò yín ni. Àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà, ọkọ mi, ló mú mi dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò ti tó ilẹ̀ mọ́, ó wá yọ ọwọ́ tirẹ̀, ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù, ó ń súfèé. Ó ń súfèé o! Ìyá arúgbó kan sì wà lórí àpótí aṣọ rẹ̀ ní ìsinsìnyí, ó ti di ẹrù tán, ó ti pín adìẹ rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, ó ń retí wa pé ká wá ra ilé òun. Àwa! Alágbàfọ̀ tí kò ní ju tábìlì ìlọṣọ méjì lọ ni ẹnì kan jókòó dè pé kó wá ra ilé oko, tòun ti ọgbà ọsàn, tòun ti odò tó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ní kí n jókòó. Mo ti jókòó.

Ẹ ò lè mọ̀ nípa rẹ̀ torí mi ò sọ fún yín. Ẹ sì mọ̀ mí. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wọ ilé yín, ṣé ẹ gbọ́ àròyé mi rí? Bí mo bá ní ẹjọ́, orí eékún mi ni mo máa ń rò ó. Ṣùgbọ́n èyí kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n, torí orí eékún yẹn gan-an ni mo ti kó sí i. Ẹ ó gbọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rìn.

Ìwé ìròyìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oníbàárà kan ló fi wé ẹ̀wù wá. Àbúrò yín tú ẹ̀wù sílẹ̀, ó na ìwé ìròyìn, ó rí àwòrán ilé kan níbẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, igi ọsàn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé títà ni. Iye tí wọ́n pè é, ẹ̀gbọ́n, bí a bá ń fọ aṣọ gbogbo ìlú yìí títí a ó fi kú, tí àwọn ọmọ wa sì gba ọṣẹ lọ́wọ́ wa tí wọ́n ń bá a lọ, a ò lè dé ìdajì rẹ̀. Mo rò pé ó máa jù ú nù ni. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e rọra, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibi tó ti ń lọṣọ.

Àtọjọ́ náà ni mi ò ti ní ọkọ mọ́. Tó bá ń lọ kọ́là ẹ̀wù, òkè ló ń wò. Ó jó ẹ̀wù méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ń ro sítáàṣì lọ́wọ́, á béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé màlúù ni ká sìn ni tàbí àgùntàn. Mo ní màlúù wo, ẹni tí àwọn ará òkè ń da omi abọ́ sí lójú fèrèsé ní gbogbo òwúrọ̀! Ó ní màlúù ò pariwo tó wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ yàrá wa, ẹ ti sùn níbẹ̀ rí nígbà tí mo bí ọmọ kejì. Ṣọ́ọ̀bù níwájú, bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, okùn aṣọ láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, torí bójò bá ń rọ̀, inú ilé la ń sá gbogbo rẹ̀ sí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sùn sábẹ́ ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni. Bí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ pé kí n bá Ọlọ́run mi sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ṣòkòtò lọ́yà á máa gbá mi lójú. Ta ni wọ́n wá sọ fún pé kó wá wo ibi tí èèyàn ti lè na ọwọ́ méjèèjì láìkan nǹkan kan, tó máa kọ̀?

Ó ní, “Ìyàwó, wíwò ò gbowó. A ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ojú wa á wálẹ̀, a ó padà sídìí iṣẹ́.”

Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ jọ́sìn. Ó ní bí wọ́n bá rí wa báyìí, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún wa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Aṣọ oníbàárà ló wọ̀. Kóòtù máníjà báńkì ló gbé kọ́rùn, ó sì na aṣọ ìyàwó dókítà sí èmi náà. Mo kọ̀, mo ní wọ́n fi ṣọ́ wa ni, wọn ò fi ta wá lọ́rẹ. Ó ní ṣebí a máa tún un fọ̀ ni, ta ló fẹ́ mọ̀. Mo sì wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ò parọ́, aṣọ àgbàbọ̀ tí kò bá fúnni, á ṣoni: tèmi fún mi lápá, tirẹ̀ ń ṣo léjìká. A ti wà nínú ọkọ̀ kí n tó rí i pé nọ́mbà tí a máa ń so mọ́ aṣọ ṣì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Eyín ni mo fi já a. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n má mú abẹ́rẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ wọn!

Ìyá àgbà yẹn fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Opó ni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin gbogbo ọsàn yẹn. Ó ní ọmọ òun obìnrin tó wà nígboro ti tún yàrá kan ṣe de òun, òun fẹ́ tà á kí òjò tó dé, torí bójò bá ti dé, ọ̀nà á di ẹrẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ò lè jáde mọ́ títí òjò á fi dá. Ó mú wa yí ilé po. Àbúrò yín ń fi ìka kan ògiri bí ẹni tó mọ ohun tí ògiri ń wí, ó ń mi orí bí ẹbí ọkọ tó wá wo ìyàwó. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn o, kò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun máa rà á. Kò sì sọ pé òun ò ní rà á.

Ẹ̀ẹ̀kan ló pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ. Gbogbo Sátidé, a ó ti ṣọ́ọ̀bù, a ó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé a lọ jíṣẹ́. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá àgbà ò pè mí ní ìyáàfin mọ́, ọmọ mi ló ń pè mí. Àbíkẹ́yìn mi ti sọ ọ́ ní kíláàsì pé àwọn ń kó lọ sóko.

Ọjọ́ kẹta yẹn ló burú. Wọ́n wà nídìí kànga, èmi nìkan ló ṣẹ́ kù sínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò. Yàrá òfìfo ni, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ dákẹ́. Etí mi ń wá ariwo, kò rí i. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mi ò tọrọ ilé o, Ọlọ́run tó dá mi gbọ́, mi ò ní kó fún mi. Mo kàn dúpẹ́ pé irú ibẹ̀ wà láyé ni. Mo ní Olúwa, ẹni yòówù tó bá máa gbé ibí, má jẹ́ kó gbàgbé Rẹ. Mo ní kí ọsàn tí bàbá yẹn gbìn má ṣíwọ́ síso. Mo wá dárúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bí mo ṣe ń dárúkọ wọn, mo ń nawọ́ sí igun yàrá, ìwọ níbí, ìwọ lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo dìde tí mo yíjú, ìyá àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà lórí ọ̀pá rẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n sọ ọ́! Màmá, alágbàfọ̀ ni wá, ìran la wá wò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kàn bá a di ọ̀pá rẹ̀ mú, a jọ jáde.

Ẹlòmíràn sì fẹ́ ra ilé yìí o. Oníbúlọ́ọ̀kù kan ni. Ó fẹ́ gé gbogbo igi ọsàn lulẹ̀ kó lè ráyè sá búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní ìgbà tó dé, okùn ìwọ̀n ló nà kó tó rántí kí onílé. Aláìmọ̀wàáhù ni, mo gbà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni tirẹ̀, ó ti ṣe tán láti rà á. Sátidé tó kọjá, ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọmọ mi, mo ti lé e. Ẹni tó kúnlẹ̀ nínú ilé mi kó tó rà á, òun ni ọkọ mi máa fẹ́ kó gbé e.” Ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́.

Kí ni àbúrò yín sọ? Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní, ẹ ṣeun, Mà.

Ẹ ṣeun, Mà!

Wọ́n ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Tiwa ò gbé inú wa, ẹ̀gbọ́n. Ó jáde, ó lọ bá arúgbó obìnrin kan nílé rẹ̀, ó tú u nílé.

Mo bẹ àbúrò yín. Mo ní kó padà lọ sọ ọ́ fún un bí ọkùnrin. Ó kọ́kọ́ ní kí n ní sùúrù, pé ọ̀nà Ọlọ́run pọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ṣé ẹ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Kò gbójú sókè. Ó ń lọ ẹ̀wù lọ. Ó ní, “Ìwọ lo gbàdúrà. Èmi, ìran ni mo lọ wò.”

Ó dùn mí, ó sì jẹ́ òótọ́. Bí mi ò bá kúnlẹ̀, oníbúlọ́ọ̀kù yẹn ì bá ti rà á. Mo lọ bá a nídìí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, pé kó jọ̀ọ́, kó padà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní òun ti ra ilẹ̀ míràn lẹ́bàá títì, òun ò sì fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti ń yan èèyàn bí ẹni yan ọkọ fọ́mọ.

Láàárọ̀ yìí ni ọmọ ìyá àgbà wá pè mí lórí fóònù. Ó ní Màmá ti di ẹrù, wọ́n ti gbé tìmùtìmù rẹ̀ wá sígboro ṣáájú, orí àpótí ló jókòó sí, ó ń béèrè ìgbà tí a ń bọ̀. Mo ya ẹnu pé kí n sọ òótọ́. Ẹ mọ ohun tó jáde níbẹ̀? Mo ní a ti ń bọ̀. Ẹnu èmi yìí ló sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu àbúrò yín.

Ẹ ní kí n lọ fúnra mi. Ṣé ẹ rò pé mi ò gbìyànjú? Mo dé ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti sọ ọ́ fún ògiri, mo sọ ọ́ fún aṣọ lórí okùn. Bí mo bá dé iwájú ìyá yẹn tó pè mí lọ́mọ, ẹkún ni mo máa sun, ó sì máa rò pé ayọ̀ ni. Ẹ bá mi lọ. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ lẹ́nu, ẹ sọ ọ́, èmi á kúnlẹ̀. Ká bá a wá ẹni tó máa rà á kí òjò tó dé. Mi ò mọ ẹni náà, mi ò mọ olówó kan àfi nínú aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ká wá a.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ ní yàrá mélòó ni?

Háà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà.

Márùn-ún ni. Rárá, wọn ò kéré. Fèrèsé méjì méjì, ẹ ò ní máa fi ẹ̀gbẹ́ wọlé sí i. Èyí tó wà lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ kò ní àtẹ̀gùn kankan, torí orúnkún yín... Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo ti fi yín síbẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú mi rẹ́rìn-ín, arúgbó kan wà lórí àpótí. Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà, ká máa lọ, torí bí ẹ bá ṣì jókòó síbẹ̀ tí ẹ ń béèrè, màá máa dá yín lóhùn ni, a ò sì ní kúrò níbí lónìí.