Fìlà Tó Bọ́ sí Etí Ọ̀gbun

Ẹ má ní kí n jókòó. Ẹ wá gbàdúrà fún mi kí n tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́rú, ẹ ṣeun, Olúwa á gbọ́ ti gbogbo yín. Ṣùgbọ́n kí Pásítọ̀ Olúyẹmí tó fi òróró kàn mí lórí, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí, nínú pálọ̀ yìí, lójú Adébùnmí. Fọláyẹmí ìyàwó mi, má fà mí láṣọ. Bí mo bá máa kú sọ́wọ́ àwọn dókítà, n ò ní bá irọ́ yìí kú.

Gbogbo yín lẹ gbà pé ẹ mọ bí Lọ́lá ṣe kú. Ohun tí mo sọ fún yín lẹ mọ̀. Mo ní ọmọ Adébùnmí ń ya fọ́tò ara rẹ̀ létí ọ̀gbun, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já sómi. Èmi Àtàndá ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àwa ọmọ ilẹ̀ wa tó ń gbé nílẹ̀ àjèjì yìí háyà bọ́ọ̀sì lọ sí ọgbà odò yẹn ní apá Mpumalanga, níbi tí àpáta ti là sí méjì, tí odò ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ yẹn dùn o. Ẹ̀yin ń sun ẹran níbi braai, ẹ ń pariwo. Èmi ní tèmi, mo ní mò ń lọ wo ibi tí omi ti ń já bọ́ látorí àpáta. Adébùnmí ní kí Lọ́lá bá mi gbé àga. Àga tí mo lè fọwọ́ ara mi gbé! Ọmọ ogún ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó gbé àga tẹ̀ lé ọkùnrin tí nǹkan kan ò ṣe, ó sì ń bá mi rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Atẹ́gùn wá gbé fìlà mi. Ó gbé e kọjá irin tí wọ́n fi dí etí ọ̀gbun, ó jù ú sórí àpáta kan tí omi ń ta sí. Fìlà wo? Irú èyí tí mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Joubert Park, tó kún inú páálí! Mo ní, "Lọ́lá, bá mi mú un wá." Ó wo ibẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Eish, Uncle, it's slippery. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn ẹ̀ṣọ́." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ó tún tẹ orúnkún ba bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Síbẹ̀ inú bí mi. Ṣé ẹ mọ bí àwa kan ṣe ń ṣe nílùú yìí? Lójú títì, ẹni tí a lè bí lọ́mọ ń pè wá lórúkọ, a ó gbé e mì. Bí a bá délé, a ó wá máa gba ọ̀wọ̀ yẹn lára àwọn ọmọ wa tipátipá. Mo ní, "O ti di òyìnbó nìyẹn. Màá sọ fún ìyá rẹ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé àgbà rán ọ níṣẹ́, o kọ̀. Wọ́n á mọ irú ọmọ tó ń tọ́ nílé yín ní Bruma." Mo mọ̀ pé opó ni ìyá rẹ̀. Mo mọ bí àwa náà ṣe ń ṣọ́ ọ bóyá á lè dá ọmọ tọ́. Ibi tó máa ti dùn ún jù ni mo tẹ̀. Ojú ọmọ náà yí padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún Mọ́mì." Ó bọ́ bàtà, ó sọdá irin.

Ó mú fìlà náà o. Bó ṣe ń nà án sí mi kí n gbà á ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó ké, "Mọ́mì!" Kò pè mí.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú mọ? Rárá o. Mo sáré padà, Adébùnmí di àwo oúnjẹ mú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Lọ́lá ńkọ́?" Ọlọ́run fún mi láàyè láti sọ òótọ́ nígbà yẹn. Mo ní, "Fọ́tò ló ń yà. Mo kìlọ̀ fún un títí." Èmi! Mo kìlọ̀! Mo tún un sọ fún ọlọ́pàá. Mo tún un sọ níbi ìsìnkú, ẹ ń mi orí, ẹ ní ọmọ ìsinsìnyí kì í gbọ́ràn. Adébùnmí wá kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́, ó ní kí a má bínú pé òun ò kọ́ ọmọ òun dáadáa. Ìyá tó ṣòfò ọmọ ló ń bẹ̀ wá, ẹ̀yin èèyàn! Mo fà á dìde. Mo ní, "Ó ti tó, a ti gbọ́." Mo gba ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ló burú jù.

Kí lo wí, Adébùnmí? Tún un sọ kí wọ́n gbọ́. O ní, "Ṣé nítorí mi ló ṣe lọ ni?" Rárá. Nítorí tèmi ló ṣe lọ. Orúkọ rẹ ni mo fi dẹ́rù bà á. Ọmọ tó gbọ́n lo bí, ó kọ́kọ́ kọ̀ fún mi, òun ló sì tọ̀nà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mò ń padà sí àgọ́ ọlọ́pàá yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí n ṣe iṣẹ́ abẹ kí ara mi kọ́kọ́ yá ná. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, bí àgbà bá rán yín lọ síbi tí ẹ̀rù ti ń bà yín, ẹ kọ̀. Bó bá ní òun á fẹjọ́ yín sun ìyá yín, ẹ ní kó máa lọ.

Adébùnmí, kì í ṣe torí kí iṣẹ́ abẹ lè yọrí sí rere ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́. Bí o ò bá lè dárí jì mí láéláé, o ò jẹ̀bi. Ẹ sún àga yẹn fún mi, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Fọláyẹmí, fi mí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ju Adébùnmí lọ lọ́jọ́ orí.