Ẹ Gbọ́ Márààrún Kí Ẹ Tó Dìbò

Alága ìjókòó wa lónìí, Bàbá Ernest, ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó tì wá láti àárọ̀ láìráhùn. Ẹ̀yin àgbà ìlú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa bára mu, ẹ̀yin tí Àlàájà Tàíbátù kó sòdí tí ẹ fi gba gbogbo ìlà iwájú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àwọn ìyá yín ti gba àga. Ẹ̀yin àlejò wa láti Òdògbólú, Ayépé àti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfẹ́.

Mo ti ṣèlérí fún Alága pé n kò ní pẹ́. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní fisíìsì mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Èmi Edith, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ti ń ṣe alága Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Ìtàn Ọ̀la láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀, mo wá fi ipò náà sílẹ̀ lónìí. Ẹ ti ń bi ara yín ní ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní ara mi ni kò yá. Àwọn kan ní èmi àti Bọ̀wálé tún ti jà. Ara mi le, Bọ̀wálé ló sì fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi wá síbí. Ẹ ní sùúrù, n ó sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a kò ju ìwọ̀nba tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ tó lè yí tábìlì kan ká. Ìtàn tí àwọn ọmọ ń pè ní sáí-fáì la fẹ́ràn: ìtàn ọkọ̀ tó ń re òṣùpá, ìtàn ẹ̀rọ tó ń ronú, ìtàn ìlú tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀dó. Wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Edith, iná mànàmáná ò tíì dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde, òṣùpá lẹ ń sọ?" Mo ní torí pé iná ò dúró náà la fi ń wo òṣùpá.

Lẹ́yìn náà la dá àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún ìtàn tó dára jù lọ́dọọdún. Ìtàn márùn-ún ló máa ń dé ìpele ìkẹyìn. A kò yan adájọ́ kankan. A ní òǹkàwé ni yóò dìbò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ ní ìbò kan, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ ẹni tó ń ránṣọ. Ohun tó dára tí a ṣe nìyẹn, òun náà ló sì dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ rántí ọdún Harold. Harold, ọmọ ọ̀kan nínú àwa ẹlẹgbẹ́, kọ ìtàn, ìtàn rẹ̀ sì wọ márùn-ún ìkẹyìn. Kí ni Àlàájà ṣe? Ó kó gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa wọ ẹgbẹ́ òǹkàwé, gbogbo wọn sì dìbò fún Harold. Kò sẹ́ni tó ka ìtàn náà nínú wọn. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Edith, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn." Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bojú wolẹ̀. Kò sí òfin tí ẹ rú. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, bí a ti máa ń ṣe fún ọmọ tó ń gbéyàwó àti ọmọ tó ń ṣílé. Ta ló mọ bí a ti ń dúró ti ara ẹni ju àwa Ìjẹ̀bú lọ? Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka ìtàn márààrún dìde jáde nígbà tí a pe orúkọ Harold, Harold sì gba àmì-ẹ̀yẹ níwájú àga òfìfo.

Ó wá sílé mi lọ́jọ́ kejì. Ó gbé àmì-ẹ̀yẹ náà sórí tábìlì, ó ní, "Mọ́mì, mi ò lè mọ̀ láéláé bóyá ìtàn mi dára." Mo wá èsì, n kò rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀. Dókítà Bọ̀wálé, ọmọ Ọ̀ṣun, olùkọ́ ní yunifásítì, ní kí a máa bi èèyàn ní ìbéèrè nípa ìtàn kí ó tó dìbò, kí ẹni tí kò bá lè dáhùn máa lọ sílé. Àlàájà ní, "Ṣé ìdánwò lo fẹ́ ṣe fún ìyá rẹ?" Ẹnìkan ní kí a má gba ìtàn tí a fi èdè Ìjẹ̀bú kọ mọ́, nítorí pé àwọn ará Ọ̀yọ́ kò gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé kí àwọn ará Ọ̀yọ́ lọ dìbò ní Ọ̀yọ́. Etí mi gbọ́ nǹkan lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀ Bọ̀wálé kò jẹ̀bi: ìbò ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ìtàn kì í ṣe ìbò òǹkàwé. Àlàájà náà kò jẹ̀bi: bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò kàwé mọ́, kí la wá ń ṣe àmì-ẹ̀yẹ gbogbo èèyàn fún? Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Àwa tí à ń kọ̀tàn ojú ọ̀run ni kò gba ara wa nínú gbọ̀ngàn kan.

Abdulsalam, akọ̀wé wa, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí ariwo pọ̀ jù ló lanu, ó ní, "Tí wọn ò bá lè ka ìtàn, ṣé a ò lè gbé ìtàn lọ bá wọn ni?" Gbogbo wa gbà.

Ta ló wá lọ kà á? Bọ̀wálé ni. Bọ̀wálé tó ní kí wọ́n máa lọ sílé, òun ló ń wá sí ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tó ń kàwé sókè, tó ń yí ohùn padà fún ẹ̀rọ, fún ọmọdé, fún arúgbó. Àwa tí a kì í tètè dé ìpàdé bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní kí ó jẹun, ó jẹ. Wọ́n bá a wá ìyàwó, ó ní òun ti ní.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ka ìtàn Déọlá, ọmọ Èkìtì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí kò ní ará kankan nílùú yìí. Ìtàn obìnrin tó bímọ nínú ilé kan lórí òṣùpá ni. Ọmọ ké, ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sì sí aládùúgbò kan lóde tí yóò sáré wọlé wá kí i. Àlàájà dá Bọ̀wálé dúró. Ó ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó máa kí i pé ó kú ewu ọmọ?"

Bọ̀wálé ní, "Kò sí, mà."

"Ta ló máa wẹ ọmọ náà?"

"Ẹ̀rọ ni, mà."

Àlàájà fi ìborùn nu ojú rẹ̀.

Ọmọ ẹlẹgbẹ́ wa kan wà lára márùn-ún ọdún náà, síbẹ̀ Déọlá ló wọlé. Nígbà tí a pe orúkọ rẹ̀, ìlà iwájú ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n ń kí i kú ewu bí ẹni pé òun gan-an ló bímọ. Mo bi Àlàájà pé ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níwèé, n kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó dà bí àwọn ìyá wọ̀nyí, n kò sì tíì rí olùkọ́ tó tẹrí ba bíi Bọ̀wálé.

Èmi náà ní àléébù. Ẹnu mi mú, mo sì máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Mo pa ọmọ kan lẹ́kún nínú ìpàdé nítorí pé ó kọ ọ́ sínú ìtàn pé wọ́n gbọ́ ìró ìbọn níbi tí kò sí atẹ́gùn. Kí ó foríjì mí. Àmọ́ kò kúkú lè sí ìró níbẹ̀.

Ó wá ku ohun tó gbé mi dúró síwájú yín. Jọmílójú ọmọ mi kọ ìtàn láìsọ fún mi, ìtàn náà sì wọ márùn-ún ọdún yìí. Èmi alága ni mo máa ń ka ìbò. Jọmílójú wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní, "Mọ́mì, màá yọ tèmi kúrò. Ẹgbẹ́ yìí ló ń mú inú yín dùn látìgbà tí Dádì ti lọ. Ẹ máa ṣe alága yín." N kò ní purọ́ fún yín, ó ṣe mí bíi kí n gbà. Mo fẹ́ràn ipò yìí. Ṣùgbọ́n mo ní, "Rárá o. Àga á rí ẹlòmíràn jókòó sí i. Ìtàn yìí, ìwọ nìkan ló lè kọ ọ́." Ìdí nìyí tí Abdulsalam fi di alága ẹgbẹ́ wa lónìí, òun ni yóò sì ka ìbò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ìlà iwájú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́. Ẹ ní Edith ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ ní ìbò tí ẹ máa dì fún ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀bùn ìdágbére tí ẹ máa fún un. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún mi. Ẹ jẹ́ kí Bọ̀wálé kà á tán. Ẹ gbọ́ márààrún. Bí ti Jọmílójú bá dùn mọ́ yín jù, ẹ dìbò fún un. Bí kò bá dùn mọ́ yín tó ti ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí ó pàdánù. Yóò sunkún, èmi ìyá rẹ̀ yóò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohun tí Harold sọ fún mi tí n kò rí èsì fún, n kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi.

Ní tèmi, mo ti dìbò. Mo ka márààrún, mo tún un kà, mo sì dìbò fún èyí tó dára jù lójú mi. Jọmílójú, mo rí ọ níbẹ̀ yẹn. Bí o bá bi mí nílé, oúnjẹ ni n ó gbé fún ọ.

Alága wa tuntun, Ọlọ́run yóò fún ọ ní etí tó ń gbọ́ tọ̀tún tòsì. Bọ̀wálé, ohùn rẹ kò ní ha. Àlàájà, ibi tí ojú yín kò bá ríran dé, ẹ kò ní ṣàìrí ẹni tí yóò kà á fún yín. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ kò ní kọ ọ́ kí ó má rí òǹkàwé. Ẹni tó bá wọlé lọ́dún yìí, ọmọ yòówù kó jẹ́, yóò gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ níwájú àga tó kún, yóò sì mọ̀ dájú pé ìtàn òun dára.

Ẹ ṣé o. Àlàájà, ẹ sún fún mi.