Èmi Ni Mo Fọwọ́ sí Ìwé Tó Sọ Bàbá Di Òpùrọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú pé n kò dárúkọ ara mi. Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó wa. Ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé mi ò lè dá a gbé mọ́.

Ilé iṣẹ́ kan ló ń ra kòkó wa kó lọ sí òkè òkun. Wọ́n ní àwọn tó ń rà á lọ́hùn-ún ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara pa nídìí rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ń fín oògùn kòkó máa gba bàtà òjò, ìbọ̀wọ́, ìbomú àti awò ojú lọ́fẹ̀ẹ́. Inú wa dùn. Nígbà tí ẹrù dé, ti ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá.

Ọ̀gá tó ń ṣojú wọn lọ́dọ̀ wa ní, "Akọ̀wé, ẹ ṣáà fọwọ́ sí ìwé yìí pé ẹrù ti pé. Ìyókù wà lọ́nà." Mo gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní òmùgọ̀, mo ti pe ara mi bẹ́ẹ̀ tó.

Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò tí àwọn òkè òkun rán dé, mo gbé ẹrù kan ṣoṣo yẹn gun ọ̀kadà ṣáájú wọn láti oko dé oko. Bí wọ́n bá ti ya fọ́tò ẹnì kan tán, màá ti bọ́ bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di oko kejì. A tiẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mo sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé fọ́tò lásán ni. Mi ò sọ fún wọn pé mo ti fọwọ́ síwèé pé kálukú gba tirẹ̀.

Ìyókù ò dé títí dòní.

Àbúrò bàbá mi wà lára àwọn àgbẹ̀ náà. Òun ló tọ́ mi dàgbà, Bàbá ni mo ń pè é. Àkísà ló fi ń bo imú fín oògùn. Lọ́dún tó kọjá, oògùn ta sí i lójú. Ojú ọ̀tún fọ́, tòsì ń ṣe bàìbàì. Ó ní kí n bá òun kọ̀wé ẹ̀sùn, mo kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ fèsì pé ó gba awò ojú, pé òun ló kọ̀ tí kò lò ó, pé òpùrọ́ ni. Wọ́n so ìwé tí mo fọwọ́ sí mọ́ ọn.

Èmi náà ni mo ka èsì yẹn fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ọ̀gá yẹn ló fọwọ́ sí i?" Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́. Mo ṣe àmín.

Mo fi ìbínú pe ọ̀gá náà. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo di ọwọ́ yín mú nígbà tí ẹ ń sáìnì ni?" Ó pa fóònù. Ọkùnrin yẹn dalẹ̀ mi, ó dùn mí wọra. Èmi náà sì dalẹ̀ Bàbá.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn aṣojú àwọn tó ń ra kòkó wa lókè òkun ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ náà nítòsí Enuwa. Bí wọ́n bá gba Bàbá gbọ́, wọ́n á tọ́jú ojú kan tó kù. Bí mo bá dákẹ́, ìwé mi ni wọ́n á gbà gbọ́. Bàbá ní òun ò wá lọ́yà, pé èmi ni màá gbẹnu sọ fún òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún un nílé ni, àbí kó gbọ́ ọ níbẹ̀ lójú gbogbo ayé? Ó ń pè mí báyìí pé kí n wá bá òun kán oògùn sójú.